Ọkàn Abiyamọ: Àìsàn Tí Ó Ń Fara Pamọ́ Sábẹ́ Àárẹ̀ Ìbímọ

Nígbà tí obìnrin bá bímọ tán, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a máa ń kí i, a sì máa ń dáhùn pé, "Ewu iná kì í pa àwòdì." Ìkíni tí ó tọ́ ni, nítorí pé ewu ń bẹ nínú ìbímọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí kì í tán ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ó kẹ́yìn oyún, ó sì lè fara hàn títí di oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ. Àìsàn ọkàn ni, àní nínú obìnrin tí kò ní àrùn ọkàn rí.

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Bí ara bá le, ó máa ń ti ohun tí ó ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ jáde ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù. Nínú àìsàn yìí, iṣan ọkàn a di aláìlágbára, ọkàn a sì fẹ̀. Ohun tí ó ń tì jáde lè má tó 45 nínú 100 mọ́. Omi a wá máa kó sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀.

Ohun tí ó mú kí àìsàn yìí burú ni pé àwọn àmì rẹ̀ jọ àárẹ̀ ìbímọ. Ta ni kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ aboyún a máa wú, tàbí pé abiyamọ kì í sùn dáadáa? Nítorí náà ni àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Àárẹ̀ lásán kì í sọ pé kí ènìyàn má lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ láìtó ìrọ̀rí púpọ̀. Kì í jí ènìyàn lóru pẹ̀lú ikọ́ àti èémí kúkúrú. Kì í mú kí àyà máa lù kìkì nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rọ tí ń yàwòrán ọkàn, irú èyí tí a fi ń wo ọmọ nínú oyún, ni àwọn dókítà fi ń rí i dájú. Ẹ̀rọ yìí kò sí ní ibi púpọ̀. Ìdí nìyí tí ìwádìí kan tí a ṣe ní Nàìjíríà, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, fi ṣe pàtàkì. Dókítà Demilade Adedinsewo ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ni ó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n lo ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ lílù ọkàn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a ti kọ́ láti dá ọkàn tí ó rẹ̀ mọ̀ ni ó ń yẹ ohun tí ó gbà sílẹ̀ wò. Nínú àwọn aboyún àti abiyamọ 587 tí a fi ohun èlò yìí yẹ̀ wò, a rí 24 tí ọkàn wọn kò lágbára. Nínú àwọn 608 tí a tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, 12 péré ni a rí. Èyí fi hàn pé àwọn kan ń rù ú kiri láìmọ̀.

Kí ni ó ń fà á? Ní Zaria, ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà fura sí àṣà omi gbígbóná, ibùsùn tí a ń dáná sí lábẹ́, àti ẹ̀kọ oníkáún tí abiyamọ ń mu fún ogójì ọjọ́. Ìwádìí mìíràn tí ó kó aláìsàn 244 jọ káàkiri Nàìjíríà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, kò rí i pé àṣà wọ̀nyí ni olórí ohun tí ń fà á. Ohun tí ó hàn ni pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru gidigidi nígbà oyún, àwọn tí wọ́n rù jù, àti àwọn tí kò ní iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ìwé ni ó ń bá jù.

Ìtọ́jú wà. Oògùn kan ń fa omi tí ó pọ̀ jù kúrò lára, òmíràn ń dín ẹrù ọkàn kù. Àwọn kan kò yẹ aboyún, nítorí náà dókítà nìkan ni kí ó yàn wọ́n. Ní ọdún 2010, a dán oògùn tí ń dá omi ọmú dúró, bromocriptine, wò ní South Africa. Nínú obìnrin 10 tí ó lò ó mọ́ ìtọ́jú tí a mọ̀, ẹnì 1 kú. Nínú 10 tí kò lò ó, ẹni 4 kú. Iye wọn kéré, oògùn náà sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ: bí abiyamọ kò bá lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de àgbo. Ẹ sọ fún wọn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ẹ sì bèèrè bóyá ọkàn rẹ̀ dára. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ìyá náà sọ bí ara rẹ̀ ti rí. Ọ̀pọ̀ ọkàn ni ó ń padà bọ̀ sípò bí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àìsàn náà lè padà wá nínú oyún mìíràn. Nítorí náà, kí tọkọtaya rí dókítà, kí wọ́n sì lo ìfètò-sọ́mọ-bíbí títí wọn yóò fi gbọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe.