Nígbà tí Owó Orí Bá Yí Padà Lára Owó Oṣù

PAYE ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà mọ owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n ti ọdún ni ìṣirò rẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo ohun tí iṣẹ́ mú wọlé fún òṣìṣẹ́ láàárín ọdún jọ, wọ́n á yọ àwọn ohun tí òfin fọwọ́ sí, wọ́n á ṣírò owó orí lórí èyí tó kù, wọ́n á sì pín in sí oṣù méjìlá. Bí owó tó wọlé bá yí padà, tàbí ohun tí wọ́n ń yọ, tàbí òfin fúnra rẹ̀, dandan ni kí iye owó orí yí padà. Ìyípadà kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ṣe àṣìṣe, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ìṣirò náà tọ́. Ìwé owó oṣù, èyí tí wọ́n ń pè ní payslip, ni yóò sọ bó ṣe jẹ́.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026

Ìyípadà tó kan ènìyàn jù lọ wá láti inú òfin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin owó orí tuntun fún Nàìjíríà, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Lábẹ́ òfin àtijọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní ìyọkúrò kan tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹ̀rí rẹ̀. Ìyọkúrò náà jẹ́ ₦200,000, tàbí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé bí ìyẹn bá pọ̀ jù, pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé. Èyí tó kù ni wọ́n ń gbé gba ìpele mẹ́fà, láti orí ìdá 7 títí dé ìdá 24.

Òfin tuntun fagi lé ìyọkúrò yẹn. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí kankan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń san ìdá 18, ₦13,000,000 ń san 21, ₦25,000,000 ń san 23, ohun tó bá sì ti kọjá ₦50,000,000 ń san 25. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì náírà yóò rí i pé owó orí òun fúyẹ́ sí i ju ti tẹ́lẹ̀. Ní àyíká mílíọ̀nù méjì náírà lóṣù, òfin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin tuntun ń gba owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyọkúrò tó kù nínú òfin tuntun kò pọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ilé gbígbé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHF, owó ìlera NHIS, owó adójútòfò ẹ̀mí, àti èlé orí ẹ̀yáwó tí ènìyàn fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jù ni ti owó ilé. Ẹni tó bá ń gbé ilé àyágbé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó yọ kò bá kọjá ₦500,000.

Ìyọkúrò àtijọ́ kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ti owó ilé kò lè dé inú ìṣirò bí òṣìṣẹ́ kò bá sọ iye tó ń san, kí ó sì ní ohun tó lè fi tì í lẹ́yìn. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń gba owó ọdún kan sọ́wọ́ láìkọ rísíìtì, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Ó tọ́ kí ayálégbé bèèrè rísíìtì tó ní àdírẹ́sì ilé, iye owó, àti oṣù tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí oṣù tó parí sí. Onílé kò gbọ́dọ̀ bínú sí i.

Àpẹẹrẹ kan lè mú un yé ni. Òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦250,000 lóṣù, ìyẹn ₦3,000,000 lọ́dún. Wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún pẹ́ńṣàn lára gbogbo rẹ̀, èyí jẹ́ ₦240,000 lọ́dún. Ó ń san ₦600,000 lọ́dún fún ilé, nítorí náà ìyọkúrò owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Owó tó kù jẹ́ ₦2,640,000. Bí wọ́n bá yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ₦1,840,000 ló máa ṣẹ́kù, ìdá 15 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ₦276,000 lọ́dún, ìyẹn ₦23,000 lóṣù. Lábẹ́ òfin àtijọ́, nǹkan bí ₦25,800 ni wọn ì bá máa yọ lóṣù. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi ọ̀rọ̀ owó ilé tó agbanisíṣẹ́ létí, ₦24,500 ni wọn yóò máa yọ. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló ń pàdánù lóṣooṣù nítorí ìwé kan ṣoṣo tí kò mú wá.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ tún wà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju iye tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024, kò gbọ́dọ̀ san owó orí rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦70,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦840,000. Ìpínlẹ̀ mìíràn ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ₦85,000 lọ́dún 2024. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦85,000 ti kúrò lábẹ́ ààbò yẹn. Lẹ́yìn pẹ́ńṣàn, owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ₦1,730 lóṣù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó rẹ̀ tó sì rí owó orí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀.

Owó tó pọ̀ sí i àti owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ pé bí owó oṣù bá ti gòkè dé ìpele tó tẹ̀ lé e, ìdá tó ga yẹn ni wọn yóò fi gba owó orí lórí gbogbo owó náà, kódà pé ènìyàn lè mú owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lọ sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀nba owó tó kọjá ààlà nìkan ni ìdá tó ga kàn. Bí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ inú àpẹẹrẹ òkè yìí láti ₦250,000 sí ₦300,000, owó orí rẹ̀ yóò kúrò ní ₦23,000, yóò di ₦30,380. Lẹ́yìn pẹ́ńṣàn àti owó orí, ohun tó ń mú lọ sílé yóò kúrò ní ₦207,000, yóò di ₦245,620. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti kọ ìgbéga nítorí owó orí.

Owó àjẹsílẹ̀ ló máa ń fa ìpayà jù. Nígbà tí wọ́n bá san àfikún oṣù bíi mélòó kan pọ̀ lẹ́yìn ìgbéga, tàbí nígbà tí owó ìsinmi ọdọọdún tàbí owó oṣù kẹtàlá bá wọlé, owó orí oṣù yẹn lè fò sókè lójijì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi ẹ̀rọ ìṣirò wọn sọ owó oṣù yẹn di ìlọ́po méjìlá, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ yóò máa gba irú rẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n sì ń gbé e dé ìpele tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣirò tó tọ́ ni kí wọ́n kó gbogbo owó ọdún náà pọ̀, kí wọ́n sì wo ohun tí wọ́n ti yọ láti oṣù kìíní. Bí wọ́n bá ti yọ jù, ó yẹ kí àwọn oṣù tó kù nínú ọdún gbé àfikún náà, kí owó orí wọn dínkù. Oṣù kejìlá ni ó dára jù láti yẹ èyí wò.

Bí ilé iṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ ní ọkọ̀ tàbí ilé láti máa lò, iye wọn lè wọ inú ìṣirò bákan náà, owó orí yóò sì gòkè láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kún owó oṣù.

Ibi iṣẹ́ àti ibi ibùgbé

Ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún gbọ́dọ̀ mú ìwé owó oṣù rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ àtijọ́ lọ síbi tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ₦800,000 tí kò ní owó orí. Bí agbanisíṣẹ́ méjì bá fún un ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó orí yóò kéré jù, àjọ owó orí yóò sì bèèrè ìyókù lẹ́yìnwá ọ̀la. Bákan náà ni fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì wà. Ẹni tó ń gbé ní Mówé, Ibafo tàbí Arépo tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń san owó orí fún, kì í ṣe Èkó. Iye owó kò yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí òfin kan náà ni. Àmọ́ tí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò ṣòro fún un láti gba ìwé ẹ̀rí owó orí níbi tó yẹ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n yọ ni owó orí. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, owó aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀yáwó, NHF àti pẹ́ńṣàn ní ìlà tiwọn nínú ìwé owó oṣù. Òṣìṣẹ́ tó bá ka àròpọ̀ wọn sí owó orí yóò máa bá àjọ owó orí jà lórí ohun tí àjọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe

Ìwé owó oṣù méjì ni kí ó fi síwájú ara rẹ̀, ti oṣù tí owó yí padà àti ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá fi ìlà wé ìlà, yóò rí èyí tó yí padà. Lẹ́yìn náà ni kí ó lọ bá àwọn tó ń ṣètò owó oṣù, kí ó bèèrè ìṣirò ọdún náà ní kíkọ sílẹ̀: àpapọ̀ owó tó wọlé, ohun tí wọ́n yọ, àti iye tí wọ́n lò fún owó ilé. Ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n fẹnu sọ lọ, nítorí ó ní ọjọ́ lórí.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti san owó tó yọ fún àjọ owó orí ìpínlẹ̀. Ìyà gbáà ni fún òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn kò san án, nítorí kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tó nílò ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Kò yẹ kí ó dúró di ọjọ́ náà. Ó lè bèèrè lọ́wọ́ àjọ owó orí ìpínlẹ̀ rẹ̀, lọ́dọọdún, bóyá owó rẹ̀ ti wọlé.

Bí àjọ náà bá fi ìwé ìdíyelé owó orí ránṣẹ́ sí i tí kò sì gbà pé ó tọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti kọ ìwé pé òun kò gbà, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Òfin tún dá ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn lórí owó orí sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá hùwà àìtọ́ sí, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn owó orí sì wà fún ẹjọ́ tí kò bá yanjú.

Ìwé ìkéde owó tó wọlé lọ́dún tún jẹ́ ojúṣe òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí agbanisíṣẹ́ ń fi sílẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke rẹ̀.