Fídíò Ẹṣin Ọdún ní Ṣókótó: Eruku Ló Ń Jẹ Dátà

Lọ́jọ́ ọdún Iléyá ní Ṣókótó, tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń sin Sultan bọ̀ láti yídì, àìmọye fóònù ló ń ká a sílẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, fídíò ti ń ti orí WhatsApp bọ́ sínú fláàṣì, ó ti ń ti fláàṣì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó dọ́wọ́ ẹni ìkẹyìn sábà máa ń ṣe bàìbàì, ojú ẹlẹ́ṣin á ti di igun mẹ́rin kéékèèké.

Àwòrán tó ń tẹ̀léra ni fídíò, bíi 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a kò bá fún un pọ̀ rárá, ìṣẹ́jú kan péré ní ìwọ̀n 1920 × 1080 yóò gba 9.3 GB. Àwo DVD, tó ń gba 4.7 GB, kò lè gbé e. Ọgbọ́n H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò tó jáde lọ́dún 2003, ni pé ó ń tọ́jú àwòrán kan lódindi, lẹ́yìn náà ohun tó yí padà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Málàámù tó jókòó ń ṣe wáàsí kò ni ín lára, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹṣin tó ń sáré nínú eruku ni iṣẹ́, torí kò sí ẹyọ eruku kan tó dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá fún méjèèjì ní iye MB kan náà, wáàsí rẹ̀ á mọ́ kedere, ẹṣin rẹ̀ á bàjẹ́. Mo gbà pé àwòrán ló yẹ kó sọ iye tó fẹ́ gbà. Nínú HandBrake, ètò ìfúnpọ̀ fídíò tí kì í gba owó, ẹ yan ìwọ̀n dídára, kì í ṣe ìwọ̀n fáìlì: 22 dára fún 1080, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i.

Gbogbo ìgbà tí a bá tún fídíò fún ni nǹkan ń sọnù, kì í sì í padà wá. Torí náà, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ fún un, láti ara ojúlówó, kí ẹ sì fi ojúlówó náà pamọ́. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kó má bàa tún un fún pọ̀. Láti 2022 ló ti ń gba tó 2 GB.

Àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn á máa gbé ohùn jáde láìsí àwòrán. HEVC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn, ló sábà máa ń fà á, èyí tí iPhone ti ń lò láti 2017. Ètò VLC á ṣí i, àmọ́ ẹ má retí pé gbogbo ènìyàn ló ní in: ẹ yí i sí H.264 nínú MP4 kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ó bá sì jẹ́ fláàṣì FAT32 lẹ fẹ́ fi gbé e, kò ní gba fáìlì tó bá lé ní 4 GB, bí àyè tilẹ̀ kún inú rẹ̀.