Ọmọ yín fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀? Ẹ gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà inú POP ṣe ń rí

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi jí mi pé kí n dìde. Ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rin, ti ń sunkún láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni. A ti fún un lóògùn ìrora, kò dákẹ́. A gbé e, a kọrin fún un, ẹkún ń le sí i ni. Mo ti pe nọ́ọ̀sì kan lórí fóònù kí n tó sùn, ó ní ọmọdé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ò lè ṣe kó má sunkún, ká jẹ́ kó fara dà á. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìyá ẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìka ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu POP ni ojú wa là. Àwọn ìka náà ti wú, wọ́n tutù bí ẹja inú fíríìjì, àwọ̀ wọn ò sì jọ ti ẹsẹ̀ kejì mọ́. Ó rọra ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà sókè báyìí, igbe tọ́mọ yẹn ké, ará ilé kejì gbọ́.

A ò dúró dilẹ̀ mọ́. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn ò bá wa sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ayùn, ó la POP náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó gé òwú abẹ́ ẹ̀ títí tó fi kan ara, ó wá fi bándéèjì so ó pọ̀ láì le jù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tọ́mọ fi sùn lọ. Dókítà ní ẹsẹ̀ ló wú nínú POP, POP ò sì lè fẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ̀jẹ̀ pa. Ó ní tá a bá jẹ́ kílẹ̀ mọ́, iṣan inú ẹsẹ̀ yẹn lè ti kú.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á gbàdúrà. Iṣẹ́ abẹ yẹn kò ju bíi wákàtí kan sí méjì lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì wà ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ìwọ òbí ló wà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ abẹ tó jẹ́ ná. Ẹsẹ̀ ọmọ wa tẹ̀ sínú látinú oyún: àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ gbéra sókè. Clubfoot ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bá bí, ọ̀kan máa ń ní in, ó sì máa ń pọ̀ lára ọmọkùnrin tó ìlọ́po méjì tọmọbìnrin. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà tó lóyún, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ẹ̀ báyìí káàkiri ayé ni èyí tí Dókítà Ignacio Ponseti gbé kalẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa l'Amẹ́ríkà títí tó fi kú ní 2009. Wọ́n á máa fọwọ́ rọra tún ẹsẹ̀ jòjòló náà ṣe, wọ́n á fi POP dè é, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí méje. Ọ̀pọ̀ ọmọ, wọ́n á tún gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ díẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè wálẹ̀, POP tó kẹ́yìn á wà lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni bàtà méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kó tó wá di pé tó bá fẹ́ sùn nìkan ni, títí tọ́mọ á fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ibi bàtà yẹn la ti ṣàṣìṣe. Ọmọ ń sunkún sí i lóròòru, ẹsẹ̀ sì ti tọ́ lójú wa. Mo ní kí la tún ń fìyà jẹ ọmọ sí? Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tá a fi gbé bàtà jù sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó máa fi tó ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹ̀gbẹ́ ìta bàtà rẹ̀ á ti jẹ tán kí ti inú tó jẹ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ń wọ bàtà yẹn lọ́wọ́, ẹ má wojú ẹkún o.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n yọ iṣan kan tó ń fa iwájú ẹsẹ̀ sínú, wọ́n gbé e lọ sórí eegun tó sún sápá ìta, kó lè máa fa ẹsẹ̀ sókè gbọọrọ. Wọ́n dáhò sínú eegun yẹn, wọ́n ki iṣan bọ̀ ọ́, wọ́n fa òwú rẹ̀ jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n wá so ó mọ́ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣan yẹn nílò kó tó lẹ̀ mọ́ eegun dáadáa. Tọ́mọ bá ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ kó tó pé, ó lè já kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́.

Ká tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ohun kan wà tí àwa Yorùbá máa ń ṣe tó máa ń padà wá bá wa. Ọmọ ò jẹun, a ní "dókítà á gún ẹ lábẹ́rẹ́." Ọmọ ò fẹ́ sùn, dókítà náà la tún máa pè. Lọ́jọ́ kan, a wá ní kí ọmọ yẹn kan náà tẹ̀ lé dókítà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín! Àwọn òbí mìíràn á parọ́ pé àwọn ń lọ ra bisikíìtì ni. Ẹ má ṣe é. Ọmọ tó sùn lọ lórí irọ́, tó jí bá ẹsẹ̀ tó wúwo bí òkúta, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ní kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú la sọ fún tiwa. Ẹ má sọ ọ́ tó oṣù kan, ìgbà tó bá yá á ti sú u. A fi bándéèjì di ẹsẹ̀ béárì ẹ̀, a ní ẹsẹ̀ tìẹ náà máa rí báyìí, kò sì ní ṣeé bọ́. A ní oorun oògùn ló máa sùn, ó yàtọ̀ sí oorun alẹ́, kò ní mọ nǹkan kan, tó bá jí, ẹsẹ̀ á dùn ún, oògùn wà fún un, èmi náà á sì wà níbẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé torí pé mo da gàrí nù ni?" Ọmọ ọjọ́ orí yẹn máa ń rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, kódà tí kò bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ: wákàtí mẹ́fà ṣáájú, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ mu mílíìkì. Ọmú ìyá, wákàtí mẹ́rin. Omi lásán, ó máa ń tó wákàtí méjì, àmọ́ ohun tí dókítà yín bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe. Kì í ṣe ìkà o. Tóògùn oorun bá mú ọmọ tó yó, oúnjẹ lè padà gòkè kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá àgbà tó bá ń sọ pé "bisikíìtì kan péré ni," ẹ gba bisikíìtì náà lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ sì sọ fún dókítà tọ́mọ bá ń wúkọ́ tàbí tí kátà ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì sọ genotype rẹ̀.

Tó bá jí, ó lè máa jà, kó máa pariwo, kó má tiẹ̀ dá yín mọ̀. Oògùn oorun tó ń kúrò lára ni, á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan. Kò nílò ìdásílẹ̀.

Ilé la wá ti ṣe ohun tó gbé wa padà sílé ìwòsàn lóru. Ẹsẹ̀ ọmọ ń fì nísàlẹ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa, àwọn mọ̀lẹ́bí wá kí wa, a gbé ọmọ sórí àga ní pálọ̀ kí wọ́n lè rí i, kí wọ́n fún un lówó. Odindi ọ̀sán lẹsẹ̀ fi wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n bá jẹ́ kó máa fì, á wú. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ to pílò méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn kó ga ju àyà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí i, kó wọ yàrá wá kí i.

Ní wákàtí méjì méjì, ẹ wo ìka ẹsẹ̀ náà, kẹ́ ẹ fi wé ti ẹsẹ̀ kejì. Ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́? Tẹ́ ẹ bá tẹ èékánná, á funfun; tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, ṣé àwọ̀ ẹ̀ padà kíá? Ara dúdú la ní, èékánná ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí i. Ṣé ó lè jù wọ́n? Ṣé ó mọ̀ tẹ́ ẹ bá rìn ín nígèrè? Tí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dínkù lẹ́yìn oògùn, tí ìka bá tutù, tó bá kú tipiri, tàbí tọ́mọ bá ń ké tẹ́ ẹ bá ti ìka sókè, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, aago yòówù kó lù. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ lórí fóònù pé kẹ́ ẹ ní sùúrù, ẹ gbéra. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun pé kí wọ́n bá yín fọwọ́ wọ́ ọ. POP tó bá ń rùn, tó bá rin látinú, tàbí ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná, ẹ gbé e padà.

Oògùn ìrora, paracetamol ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, pẹ̀lú ibuprofen tí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n bí ọmọ ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa fún un bí aago ṣe lù, ẹ má dúró kó sunkún kẹ́ ẹ tó wá ṣíbí. Ẹ má jẹ́ kí kẹ́mísíìtì àdúgbò ta tramadol tàbí codeine fún yín fún ọmọdé. Láti 2017 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fi tọ́jú ìrora ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, torí ó lè jẹ́ kí èémí ọmọ lọ sílẹ̀ lójú oorun.

POP oníyẹ̀fun máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ délẹ̀, torí náà àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbé e, kì í ṣe orí ìka, kó má baà tẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kómi kàn án. Mo ti gbìyànjú náílọ̀nù, omi ṣì wọlé. Táwẹ́ẹ̀lì tútù la fi nù ún lára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ike Ragolis tá a gé lẹ́nu ló sì fi ń tọ̀.

Híhún ni ogun tòótọ́, pàápàá nínú ooru Èkó tí kò sí iná. Mo bá màmá mi pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ bá a họ ọ́ nínú. Mo bẹ̀ wọ́n. Ìgbálẹ̀, báírò, páúdà, kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọbẹ̀, torí egbò tó bá dá sínú POP, ojú ò ní rí i títí tá a fi gbọ́ òórùn ẹ̀. Ẹ fi àbẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹnu POP, tàbí kẹ́ ẹ máa fọwọ́ gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níta. Sọ́ọ̀sì àgbà tá a gé la fi bo ìka lójú, lẹ́yìn tó ti ju ìdérí báírò kan sínú ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrora tán, wàhálà dé. Ó fẹ́ rìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ ọ̀pá lò dáadáa, à ń gbé e kiri ni, àfi tó bá fẹ́ fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ló ti fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó pẹ́. A ò nà án, ó lọ fúnra ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gé POP, ariwo ayùn yẹn ló máa dẹ́rù bà á. Ayùn náà ò yí, ó ń gbọ̀n ni, ó máa ń gé ohun tó le, kì í sì í sábà gé awọ ara. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fi kan àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀ kó rí i, ló bá dákẹ́. Ẹ má bẹ̀rù ẹsẹ̀ tó máa jáde: á tín-ín-rín, á pọ́n èépá, irun á ti hù sí i. Ẹ má fi kànìnkànìn bó o. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òrí tó. Tiwa tiro fún bí oṣù méjì, ó ń lọ ṣe eré ìdárayá ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Wọ́n gé òwú àtẹ́lẹsẹ̀, bọ́tìnnì bọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ jù ú sí garawa, ọmọ ní tòun ni. Ó wà nínú agolo Milo lórí fèrèsé ẹ̀ títí di òní, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.