Ìbọn ìléwọ́ wo ló dáa fún ààbò ara ẹni? Ohun tó yẹ kí ará Ọ̀tà àti Sango mọ̀ kí wọ́n tó náwó

Ẹni tó bá gbé ní Sango, Ìjòkó tàbí Ọ̀tà ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 kò ní í tètè gbàgbé. Kónílé-ó-gbélé kòrónà ló wà lóde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti tìlẹ̀kùn, ebi ń pa àwọn èèyàn. Òkìkí wá kàn pé àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀ wá jalè láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀pọ̀ baálé ilé ò fojú ba oorun. Wọ́n dáná sun táyà sí ìkóríta, wọ́n mú àdá àti igi lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ àdúgbò wọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Irú òru bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí èèyàn bi ara rẹ̀ pé, ká ní ìbọn kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí ńkọ́? Oníṣòwò tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Sango lẹ́yìn tílẹ̀ bá ṣú ń rò ó. Òṣìṣẹ́ tó ń jáde iṣẹ́ òru ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìdìrókò náà ń rò ó. Ẹni tó bá sì ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà yóò gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó wọ àpò, àti bóyá 9 mm ló dáa ni tàbí .380. Èèyàn lè rò pé ìbéèrè kan náà ló wà nílẹ̀ níbí. Rárá o. Ní Nàìjíríà, òfin ti dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Kí ni wọ́n ń pè ní calibre gan-an?

Calibre ni bí ihò inú irin ìbọn ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn náà ló sì ń sọ bí ọta rẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Bí wọ́n bá ní 9 mm, mìlímítà mẹ́sàn-án ni wọ́n ń sọ. Bí àmì tó-ó-tó bá ṣáájú nọ́ńbà, íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. .32 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 8, .22 ò sì tó 6.

Ti ìbọn ọdẹ yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní 12-gauge, ohun tó túmọ̀ sí ni pé téèyàn bá yọ́ òjé pọ́n-ùn kan, tó fi ṣe bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló máa wọ ẹnu ìbọn náà ṣẹ́kú. Ìdí nìyí tí 20-gauge fi kéré sí 12-gauge, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Níbi tí òfin ti fàyè gba ìbọn ìléwọ́, àríyànjiyàn wọn kò ju èyí lọ: ìbọn kékeré rọrùn láti gbé, àmọ́ ó ṣòro láti fi ta ohun téèyàn ń wò gan-an. Ọta ńlá lágbára, àmọ́ ó máa ń ti ọwọ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n yìn sẹ́yìn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin pín ìbọn sí

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ìbọn ní Nàìjíríà ni Firearms Act, tó ti wà láti ọdún 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni àwọn ohun ìjà tí wọ́n fòfin dè. Bọ́ǹbù, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìbọn tó ń rọ̀jò ọta àti ìbọn ológun wà níbẹ̀. Gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátá náà wà níbẹ̀. Òfin ò bìkítà bóyá .22 ni tàbí 9 mm, bóyá tuntun ni tàbí èyí àtijọ́ tí wọ́n ń fi òkúta ìṣáná yìn. Kódà òfin náà dárúkọ 9 mm pẹ̀lú 7.62 mm, .300 àti .303 gẹ́gẹ́ bí calibre ìbọn ológun. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ fún ohunkóhun nínú ìsọ̀rí yìí. Kì í ṣe DPO, kì í ṣe kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe gómìnà.

Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn tí aráàlú lè ní bó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń pè ní double barrel wà níbẹ̀. Ráìfù tí wọ́n fi ń ṣọdẹ wà níbẹ̀, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yọ ìbọn ọdẹ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta míì wọlé kúrò. Ìdí nìyí tí pump-action, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí wàhálà nínú rẹ̀, kò fi sí nínú ohun tí aráàlú lè fi ìwé àṣẹ ọlọ́pàá rà.

Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn míì tí wọ́n ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí. Òun náà gba ìwé ìyọ̀ǹda. Pé bàbá ẹni jẹ́ ọdẹ kò sọ pé kò nílò ìwé.

Òfin náà sọ àwọn tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún ní ìwé àṣẹ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìyà ńkọ́? Lábẹ́ òfin ìdigunjalè àti ìbọn ti ọdún 1984, ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìbófinmu lè san owó ìtanràn N20,000, tàbí kó fẹ̀wọ̀n jura tí kò ní í dín sí ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Kò dìgbà téèyàn bá fi jalè. Pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó.

Bí ẹni tí wọ́n wá jà lólè ṣe ń di ọ̀daràn

Ká ní oníṣòwò kan ní Ojú-Ọrẹ ra ìbọn ìléwọ́ lábẹ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, adigunjalè jálẹ̀kùn wọlé, ó yin ìbọn, olè náà kú. Lóòótọ́, abala 33 nínú ìwé òfin Nàìjíríà gbà pé èèyàn lè gbèjà ara rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀, bí agbára tó lò kò bá ju èyí tó pọn dandan lọ. Ilé ẹjọ́ lè gbà pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gbà là.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ó tọ́ kó yin ìbọn? Èkejì ni pé, níbo ló ti rí ìbọn? Bó bá tiẹ̀ yege nínú èkíní, ìkejì ṣì ń dúró dè é, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé olè ti kẹ́yìn, tó ń sá lọ kó tó yìnbọn fún un, kódà àwáwí èkíní yẹn lè má dúró.

Ewu míì tún wà. Ìbọn tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi pa èèyàn níbòmíì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí wọ́n bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ àgbélẹ̀rọ ni, irin tí wọ́n fi rọ ọ́ lè má lágbára tó ẹ̀tù, ó sì lè bẹ́ sí ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Òmíì lè dún fúnra rẹ̀ bó bá jábọ́ lásán.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń gbé. Nínú ilé ojú-kojú, níbi tí pákó tàbí ilẹ̀kùn lásán ti wà láàárín yàrá kan sí èkejì, ọta 9 mm tí kò bá ba olè lè wọ yàrá aládùúgbò, níbi tí ọmọ ti ń sùn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá ò dá a ṣe

Ẹni tó bá ti kọjá lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà ti rí àwọn síkíọ́rítì tó wọ aṣọ iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni. Ẹ ò ní í rí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Òfin tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni láti ọdún 1986 ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó níbọn ní láti bá ọlọ́pàá tàbí sífú dìfẹ́ǹsì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn gómìnà pàápàá. Ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní 2022, Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, fi ẹ̀hónú hàn pé ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn AK-47. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ohun ìjà wà lára ohun tí ìwé òfin fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ò lè yí i padà. Bí gómìnà bá ń tọrọ àṣẹ, tí kò rí i gbà, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbọ́ bí ẹnìkan bá ní òun lè bá a “ṣètò” ìwé ìbọn ìléwọ́. Owó ló fẹ́ gbà.

Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹni tó bá rí i pé òun nílò ìbọn ní tòótọ́, ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí méjì ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Kó má kọ́kọ́ rà á. Kó lọ bá DPO àdúgbò rẹ̀, kó béèrè bóyá wọ́n ń gba ìbéèrè lásìkò yẹn, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ẹlẹ́wẹ́ẹ̀ran ní Abẹ́òkúta, níbi tí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà. Ìwé àṣẹ ní àsìkò tí yóò kásẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Orúkọ ẹnìkan ló sì ń wà lórí rẹ̀. Bí bàbá bá kú tó fi double barrel sílẹ̀, ọmọ ò jogún ìwé àṣẹ mọ́ ọn. Kí wọ́n tètè fi tó ọlọ́pàá létí.

Bó bá sì wà nílé, kí wọ́n yọ ọta inú rẹ̀, kí wọ́n tì í pa, kí ọta wà níbòmíì, kọ́kọ́rọ́ kò sì gbọdọ̀ sí níbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó.

Ẹni tí ìbọn tí kò níwèé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kó má tà á, kó má sì jù ú sí kòtò. Kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kí lọ́yà sì bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá láti lọ fà á lé wọn lọ́wọ́.

Fún àwọn yòókù, ohun tó ń dáàbò boni kò gba ìwé àṣẹ kankan. Iná níta ilé, ilẹ̀kùn onírin, àti owó ọjà tí kì í sùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn tó ń jáde iṣẹ́ òru rìn pọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ wà. Kí CDA gba ọlọ́dẹ tí wọ́n mọ ìdílé rẹ̀, kí wọ́n sì ní nọ́ńbà DPO, So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn sórí fóònù. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, kì í ṣe ìbọn ìléwọ́ ni àwọn ará Sango gbé jáde. Aládùúgbò ló pe aládùúgbò, tí wọ́n sì jọ dúró ní ìkóríta títí ilẹ̀ fi mọ́.