Òjò Àkọ́rọ̀ Dé, Màlúù Kò Tíì Yó

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Òkè-Ògùn, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí pápá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ẹni tí kì í sin ẹran á rò pé ìyà ti tán lára màlúù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń rù jù.

Ewé igi apá àti pòròpórò ni wọ́n fi la ẹ̀ẹ̀rùn já. Màlúù tó bá ti wá tọ́ koríko tútù wò kì í fẹ́ fẹnu kan gbígbẹ mọ́. Koríko náà kò sì tíì ju ìka lọ, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹran á máa rìn kiri láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ìwọ̀nba tí kò lè yó o, á sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru.

Èyí tó burú jù ni ọkà bàbà tó tún hù láti ara pòròpórò èṣí. Irú májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù wà nínú ewé rẹ̀ nígbà tó bá kéré. Màlúù tó bá jẹ ẹ́ yó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Ní gàá Fúlàní, àwọn obìnrin ló ni wàrà. Owó ata, owó iyọ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Lásìkò yìí, wàrà tí wọ́n ń fún lára abo màlúù kan lè máà tó lítà kan lójúmọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń dúró de tirẹ̀. Obìnrin tó bá fún ọmú gbẹ nítorí ọjà lè sin ọmọ màlúù náà. Nítorí náà, bí wàrà tí wọ́n fi oje bòmubòmu dì bá kéré lójú, kí oníbàárà má bínú.

Àgbẹ̀ náà ń gbin àgbàdo lákòókò kan náà, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣòfin lórí fífi ẹran jẹko ní gbangba lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n òfin kì í hu koríko. Àwọn tó tọ́jú ewé ẹ̀pà gbígbẹ pa mọ́ lẹ́yìn ìkórè ni ara ń tù díẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹran ní èyí jẹ láàárọ̀, kí wọ́n tó dà á lọ sí pápá. Àwọn yòókù ń wo ojú sánmà. Ó di bí oṣù kẹfà, tí koríko bá ga dé orúnkún, kí igbá wàrà tó tún kún.