Ìbú Táyà àti Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Di Ọ̀nà Mú

Orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó sí, awakọ̀ tí ó bá sì ń ti Ìtòkú gòkè lọ sí ẹsẹ̀ Olúmọ kò lè gbàgbé táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé táyà tí ó bá fẹ̀ ni í di ilẹ̀ mú. Bóyá àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi èyí kọ́ wa, nítorí pé ọlọ́wọ́ ńlá ni í di nǹkan mú ṣinṣin. Èmi náà gbà á gbọ́, mo ra mẹ́rin tí ó fẹ̀, tòkunbọ̀ tí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní ọ̀nà Ṣágámù, ọkọ̀ mi yọ̀ bí ẹja. Inú koríko ni mo bá ara mi. Kò sí ẹni tí ó farapa.

Ní ọdún 1699, Guillaume Amontons, ará ilẹ̀ Faransé, ṣe àlàyé kan tí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹ gbé bíríkì lé orí pákó, kí ẹ fi okùn wọ́ ọ. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó tín-ín-rín lélẹ̀, kí ẹ tún wọ́ ọ. Agbára kan náà ni yóò gbà yín. Ìwúwo ni ó ṣe kókó, kì í ṣe bí ibi tí ó fi kan pákó ti fẹ̀ tó.

Rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ó rọ̀, ó ń wọ àárín òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀dà, bí ẹrù bá sì ti ń wúwo jù lórí ibi kékeré kan lára rẹ̀, ìdìmú rẹ̀ kì í pọ̀ sí i tó bí ẹrù náà ṣe pọ̀ sí i. Ó dára, nígbà náà, kí ẹrù pín káàkiri. Ṣùgbọ́n ṣé ìbú nìkan ni í pín in? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ọkọ̀ bá wọn kílò 1200, táyà kọ̀ọ̀kan gbé 300. Bí géèjì fọkanáísà bá fi 30 hàn, afẹ́fẹ́ inú táyà ń gbé nǹkan bí kílò 2.1 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú-lóròó. Ibi tí táyà yóò fi kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 140 lọ, kò jìnnà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin kan. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 14, gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 10; bí ìbú bá di 17.5, gígùn yóò dín sí 8. Ìṣirò yìí kò pé pérépéré, nítorí ara táyà náà ń gbé díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìrísí ni ìbú ń yí padà ju ìwọ̀n lọ. Ìrísí náà wúlò ní kọ́nà títì gbígbẹ. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tètè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi gbọ́dọ̀ kúrò kí rọ́bà tó kan ọ̀dà. Táyà tí ó fẹ̀ ń pàdé omi púpọ̀, omi àárín rẹ̀ sì ní ọ̀nà jíjìn láti sá dé ẹ̀gbẹ́. Ní 1963, àwọn onímọ̀ NASA tí wọ́n yẹ táyà ọkọ̀ òfurufú wò rí i pé, bí omi bá jìn tó, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 30 lè léfòó ní eré kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré sí i, kò ní dúró dé ibẹ̀. Àwọn ilà tí a gbẹ́ sí ojú táyà ni omi ń gbà jáde. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n jìn kéré sí mílímítà 1.6.

Ní ọ̀nà yangí tí ó lọ sí àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá, ẹrẹ̀ pupa fẹ́lẹ́ ni ó máa ń bo ilẹ̀ líle. Táyà tín-ín-rín ni í gé e kọjá. Nínú iyanrìn jíjìn, èyí tí ó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dín, ni kò ní rì.

Ara ilẹ̀kùn awakọ̀ ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ sábà máa ń lẹ ìwé ìbú táyà àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ mi kúrò nínú koríko ni mo tó ka tèmi: 185 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 215 ni mo rà.