Pátákó Pẹ́dàlì Onígìtá: Bí A Ti Ń Tò Ó fún Òde Eré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọ̀rọ̀ náà ti bá aṣọ mu ni ó bá orin mu. Onígìtá tí ó bá dúró di ìgbà tí èrò ti pé sí òde àríyá, tí onílù ti ń lù, tí akọrin sì ti gbé orin, kí ó tó máa wá ibi tí wáyà rẹ̀ ti já, yóò dójú ti ara rẹ̀, yóò sì dójú ti ẹgbẹ́ tí ó mú un wá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á ṣe àlàyé bí a ti ń to àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí a ń pè ní pẹ́dàlì, sí orí pátákó kan ṣoṣo.

Gìtá oníná kì í ṣe àjèjì nínú orin Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ ga nínú orin jùjú. Lẹ́yìn náà ni gìtá ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ jùjú. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní ọdún 1982, gìtá pedal steel tí Demola Adepoju ń ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn gìtá mìíràn àti gángan. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ṣi nǹkan kan mú fún òmíràn: ẹsẹ̀ tí a ń tẹ̀ lára pedal steel, okùn ni ó ń fà le tàbí tí ó ń dẹ̀ kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Pẹ́dàlì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ohùn tí ó ti jáde láti inú gìtá ni ó ń tún ṣe.

Níbi tí gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti ń dún pọ̀, ohun tí ó ṣòro jù ni pé kí ohùn ẹnì kan má bo ti ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Gángan ń sọ̀rọ̀. Oríkì ni ó ń kì, òwe ni ó ń pa. Bí ohùn gìtá bá wá rú pọ̀ bí ẹ̀kọ tí a kò rò dáadáa, àwọn ènìyàn kò ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí mọ́. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé pẹ́dàlì ń ba orin jẹ́, pé ìka ọwọ́ ni ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Pẹ́dàlì kò lè kọ́ ọwọ́ tí kò mọ orin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ gìtá í ta, tí ó sì mọ ìwọ̀n, yóò rí i pé pẹ́dàlì márùn-ún péré tó fún iṣẹ́ òde.

Èkínní ni tuner, tí ń fi hàn bí okùn kọ̀ọ̀kan bá ti lọ sókè jù tàbí tí ó dẹ̀ jù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, púpọ̀ nínú irú rẹ̀ a máa pa ohùn gìtá mọ́, kí onígìtá lè tún okùn ṣe láìjẹ́ pé èrò gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú fo èyí kí ó lọ máa ra èyí tí ó gbówó lórí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èkejì ni compressor, tí ń rẹ ohùn tí ó le jù sílẹ̀, tí ó sì ń gbé èyí tí ó kéré sókè, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ẹ̀kẹta ni overdrive, tí ń mú kí ohùn nípọn, kí ó sì ha díẹ̀, bí ohùn akọrin tí ó ń fi agbára ké. Ẹ̀kẹrin ni chorus, tí ń mú kí gìtá kan dún bí ẹni pé méjì ni ó ń dún pọ̀. Ẹ̀karùn-ún ni delay, tí ń tún ohùn sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn tí ń dáni lóhùn láti ara òkè.

Bí a ṣe kà wọ́n yìí náà ni ohùn gìtá yóò ṣe gba inú wọn kọjá. Tuner ni a fi ṣáájú, nítorí pé ohùn tí a kò tíì fi nǹkan kan kún ni ó rọrùn fún un láti mọ̀. Overdrive gbọ́dọ̀ ṣáájú delay. Bí a bá fi delay ṣáájú, gbogbo gbohùngbohùn rẹ̀ ni yóò wọ inú overdrive papọ̀, tí wọn yóò sì di ariwo. Ṣùgbọ́n bí overdrive bá ṣáájú, ohùn tí ó ti nípọn ni delay yóò máa tún sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, etí yóò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnu tí wáyà ń gbà wọlé sí ara púpọ̀ nínú pẹ́dàlì wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹnu ìjáde sì wà ní òsì. Nítorí náà, láti ọ̀tún ni a ti ń tò wọ́n lọ sí òsì.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó tún ń fẹ́ ìṣọ́ra jù lọ. Fóòtì 9 ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lò, nẹ́gẹ́tíìfù ni ó sì máa ń wà ní àárín ẹnu tí iná ń gbà wọlé. Àmì rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ, kí onítọ̀hún kà á kí ó tó ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fi iná fóòtì 18 sí ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ 9 lè sun ún ní ìṣẹ́jú kan. Bákan náà ni àdápítọ̀ tí wọ́n ṣe fún iná fóòtì 120 ti Amẹ́ríkà nìkan kò gbọdọ̀ wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé Nàìjíríà.

Lẹ́yìn fóòtì ni kí á ro iye mílíáńpù tí pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Bí tuner bá ń jẹ 30, tí compressor ń jẹ 10, tí overdrive ń jẹ 10, tí chorus ń jẹ 20, tí delay sì ń jẹ 70, àpapọ̀ wọn jẹ́ 140. Orísun iná tí ó lè pèsè 100 péré kò ní lè gbé wọn. Bí a bá fi okùn iná kan ṣoṣo pín fún gbogbo wọn, delay onídíjítà lè mú kí gìtá máa kùn bí oyin. Orísun iná tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró ni ó dára jù. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, bátìrì tuntun nínú àpò kì í ṣe ẹrù àpọ̀jù. Kí a sì máa yọ wáyà kúrò ní ẹnu ìwọlé pẹ́dàlì lẹ́yìn eré, nítorí pé wáyà tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí bátìrì máa ṣiṣẹ́ nínú púpọ̀ nínú wọn.

Pátákó tí ó gùn ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní 30, tó gba márààrún. Kí á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ga díẹ̀, kí á sì fi Velcro lẹ àwọn ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Èyí tí a óò máa tẹ̀ léraléra ni kí ó súnmọ́ ẹsẹ̀. Wáyà kúkúrú ni kí ó wà láàárín wọn, nítorí pé bí wáyà gìtá bá ti gùn tó ni ohùn tín-ín-rín ń sọnù tó.

Ìwọ̀n ohùn kò ṣe é parí sínú yàrá. Ohùn tí ó dùn ní kékeré nílé lè le koko létí bí a bá gbé e ga ní gbọ̀ngàn. Kí onígìtá dé kí èrò tó dé, kí ó tẹ pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún un tẹ̀. Ariwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà tí a pa á, àfi èyí tí a fẹ́ fi dá gìtá ta. Ìṣirò delay kò le: bí ìlù bá ń lù ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí wọ́n ń kọ ní 500 ms, ni ó wà láàárín ìlù kan àti èkejì, bí ó bá jẹ́ 100, a di 600 ms. Gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ náà ní gbohùngbohùn tirẹ̀. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ògiri tí ó jìnnà ní mítà 17 yóò dá a padà lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Níbi tí ògiri bá ti ń dáhùn báyìí, kí á dín delay kù.

Bí ohùn bá sì dákẹ́ lójú agbo ńkọ́? Okùn kì í gùn títí kí ó má ní ibi tí a ti fà á wá. Kí onígìtá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára pátákó, kí ó kì í bọ inú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga tààrà. Bí ó bá dún, pátákó ni àléébù wà. Kí ó máa bá eré lọ bẹ́ẹ̀ títí di àkókò ìsinmi. Bí kò bá dún, kí ó pààrọ̀ wáyà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fura sí nǹkan mìíràn. Nígbà ìsinmi, kí ó gba inú pẹ́dàlì mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan dé ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá dún, méjì tí ó kù àti wáyà wọn ni kí ó yẹ̀ wò. Bí wọn kò bá dún, inú mẹ́ta yìí ni kí ó ti wá a. Èrò tí ń jó kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Gángan kò ní dákẹ́, orin kò sì ní já.